Ojú Ló Fọ́

Ó gbé e wá nínú àpò ìyẹ̀fun,
kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọlọ,
ó gbé e kalẹ̀ lórí káńtà mi létí odò Rioni,
ní Kutaisi, ìparí Fẹ́búárì, tí yìnyín ṣì wà lórí òrùlé.
Mo ní, "Ìyá, ojú ẹ̀ ti fọ́."
Ó ní, "Mo rí i. Tèmi ò tíì fọ́."

Ojú ẹ̀rọ náà sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.
Otari ti fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ pọ̀,
bí ẹni fi ẹ̀kọ dí ihò eku.
Ó já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lórí òkè Lechkhumi
nígbà tó ń kó ilé oyin lọ síbi òdòdó.
Ọdún méjì ló fi ń bá afọ́jú yẹn ṣiṣẹ́.
Nígbà tó di Oṣù Kejìlá, Otari fúnra rẹ̀ dijú.

Mo tú u. Mo bá ìyẹ́ oyin kan lábẹ́ bọ́tìnnì,
ó fúyẹ́ ju èémí lọ.
Mo fi ẹ̀mú gbé e sórí bébà.
Lamara wò ó, ó ká bébà náà, ó tì í bọ àpò.

Mo fa wáyà dé ara tẹlifíṣọ̀n àtijọ́
tí ọmọ mi fi ń wo bọ́ọ̀lù.
A yá ojú fún un, kò sì yájú sí wa,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń táràrà.
Díìskì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn,
ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn.
Lamara tẹ́tí. "Bí oyin ṣe ń kùn nígbà òtútù nìyẹn,
tí wọ́n bá dì mọ́ra wọn. Má fọwọ́ kàn án."
Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ aṣínà wá dí wa lọ́nà.
"Orúkọ mi ni," ó ní, ó dá a lójú gan-an.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òun.
Orúkọ ọmọ wọn tó wà ní Batumi: kì í ṣe òun.
Ọdún ìgbéyàwó: rárá.
Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tún un wé.
Ìgbà tó yá ló sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè:
"Dán Kurṣa wò."
Ta ni Kurṣa?
"Ajá."
Ilẹ̀kùn ṣí.
Ọdún mẹ́tàlélógójì nílé ọkọ,
ajá ló ni kọ́kọ́rọ́!

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wá ìwé oyin fún mi.
Wọ́n á jáde lóṣù tó ń bọ̀,
mi ò mọ ilé tí oúnjẹ ti tán níbẹ̀,
mi ò mọ ayaba tó ti darúgbó."

Lẹ́tà wa tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja kún ojú tẹlifíṣọ̀n.
Ilé oyin kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ.
Ilé kẹta: Ọ̀gá Ọlọ́pàá. Ilé kẹsàn-án: Dókítà Eyín.
Ilé kẹtàdínlógún: Lamara.
Mo fẹ́ fò ó. Ó ní, "Kà á."

"Lamara ń bínú lónìí. Mi ò sún mọ́ ọn.
Mo gbé omi ṣúgà síwájú rẹ̀, mo fẹ̀yìn rìn.
Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti rọ̀.
Kò sí èyí tó lágbára tó o nínú gbogbo wọn.
Bí òtútù bá pa ìyókù, òun ò ní kú."
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹwàá. Kò kọ nǹkan mìíràn.

Ó bi mí, "Èmi ni, àbí oyin?"
Kí ni atúnẹ̀rọṣe mọ̀?
Ó ní, "Omi ṣúgà!"
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín ò fi dún mọ́.

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú fúláàṣì kékeré kan,
ó so ó mọ́ àgbélébùú ọrùn rẹ̀.
Mo ní kí n pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ náà, owó ẹ̀ ò pọ̀.
"Fi sílẹ̀. Ìda rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn:
"Ilé kẹtàdínlógún yẹn, ṣé ó kọ iye ṣúgà?"
Mo padà lọ wò ó.
Ife méjì, mo ní, sí omi ife kan.